Mọ́kànlá Tí Ohùn Wọn Há

Mọ́kànlá. Iye tí wọn kò fẹ́ kí ìjọ gbọ́ nìyẹn. Láàárín ọdún méjì, mọ́kànlá nínú àwa akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bantama, ládùúgbò kan ní Kumasi, ilẹ̀ Ghana, ni ohùn wa há, tí a sì fi ìjókòó wa sílẹ̀ láìsí ẹni tó bi wá léèrè. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ọwọ́ mi ni ìwé orúkọ wà, èmi fúnra mi sì ni ẹni kẹsàn-án. Nígbà tí mo kọ iye náà sínú ìròyìn ọdún, ọ̀gá akọrin fi bírò fagi lé e. Ó ní, "Akọ̀wé, ìròyìn ayọ̀ ni ìjọ ń fẹ́."

Mo rántí ìgbà tí ohùn híhá jẹ́ oyè láàárín wa. Ní ìdánrawò ọ̀sán Sátidé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi títí yóò fi parí, nítorí ọ̀gá gbà pé ẹni tó ń ráhùn òùngbẹ kò tíì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Bí ohùn ẹnìkan bá wá ń dún bí ayùn tó ń la pákó, ọ̀gá á pàtẹ́wọ́: "Ó ti há! Ó ti wọlé!" Wọn á fi orógbó sí i lọ́wọ́, wọn á sì ní kó tún gbé e sókè. Èmi tí mo kàwé gboyè ní yunifásítì, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Krofrom, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí orógbó kàn mí, mo gbà á bí ẹni tí wọ́n dé ládé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ni láì lè sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti agogo ni mo fi ń darí kíláàsì. Dókítà wo ọ̀fun mi, ó ní bí mo bá tún pariwo kí ó tó jiná, ohùn náà lè má bọ̀ sípò mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Olùkọ́ tí kò lóhùn, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́?

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo rí àwọn fídíò ẹ̀kọ́ orin lórí ìkànnì ayélujára, lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin onírun funfun kan ló ń kọ́ni, n kò mọ ilẹ̀ tó ti wá. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo máa ń dá a lóhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," àfi bí ẹni pé ó ń gbọ́ mi. Nígbà tí ọ̀fun mi jiná, mo tẹ̀ lé e: mo gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù. Mo ti ń pe ara mi ní olóhùn iyọ̀. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó ni mo gbọ́. Ó kọ́ mi láti mí dé ìsàlẹ̀ ikùn, láti fi orin kékeré jí ohùn kí n tó kọ èyí tó le, àti láti máa kùn gba inú sitírọ́ọ̀ sínú ife omi kí ọ̀fun lè rọ̀. Onílé mi, ìyá àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Kumasi, ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó láràárọ̀.

"Tíṣà, ṣé ìwọ lò ń mu omi ni, àbí omi ló ń mu ọ́?"

"Orin ni mò ń kọ́, Mama."

"Aba! Orin inú ife? Ṣé ẹja lo fẹ́ kọ ọ́ fún ni?"

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kó tó di oṣù mẹ́fà, mo ń kọ orin mẹ́ta tẹ̀ léra wọn láì ní ìrora kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí fóònù tó dé. Àwa là ń pa òwe náà, àwa náà là ń pariwo.

Mo padà sẹ́gbẹ́, mo sì sọ bí mo ṣe fi fóònù kọ́ orin. Ọ̀gá wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní, "Fóònù kì í fi òróró yan ènìyàn." Mo lọ jókòó sí àyè mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì, ohùn ọmọbìnrin tí yóò dá orin ọjọ́ náà kọ, aránṣọ kan ní Sawaba, bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó ti rí iye tí wọ́n fagi lé nínú ìwé mi. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, orógbó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ di ẹni kejìlá."

"Ju orógbó yẹn nù. Fún ọjọ́ mẹ́rin, má kọrin, má sọ̀rọ̀, kódà má sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Ei! Èmi, ọjọ́ mẹ́rin? Àwọn oníbàárà mi á ní mo ti kú!"

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, a jọ ń wo fídíò, a jọ ń kùn sínú ife ní yàrá akọrin. Ọ̀gá bá wa níbẹ̀.

"Ṣé ilé ọtí lẹ sọ ibí yìí ni?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ fòfin de omi," ni mo wí. "Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbé e mì."

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ọmọbìnrin náà gun òkè orin náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, lọ́tẹ̀ yìí fún ohùn tí kò há. Mọ́kànlá kò di méjìlá.

Lónìí, mo ṣì ń kọrin, ife omi mi ṣì wà lórí tábìlì. Síbẹ̀, nínú àwa mọ́kànlá, èmi nìkan ló padà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà, ó wà nínú fóònù tí gbogbo olórí wa ń dì mọ́wọ́, omi sì ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin, àti ẹ̀yin alàgbà tí ẹ fọwọ́ sí ìròyìn tí wọ́n gé: ẹ gbé omi wọ yàrá ìdánrawò ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ ka iye náà sétí ìjọ. Kí ẹ sì lọ kan ilẹ̀kùn àwọn mẹ́wàá tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ má rán akọ̀wé. Ohùn tiyín ni kí ẹ fi bẹ̀ wọ́n. Tiyín kò há.