Àpò Gàrí Kejì

Ìyá mi ló ń yan gàrí tí mo ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nílé wa ní Ìdígni. Gàrí wọn funfun, ó sì gbẹ dáadáa. Fótò rẹ̀ ni obìnrin kan rí ní Kútọnu tó fi ní kí n fi àpò méjì ránṣẹ́.

Àpò kan ṣoṣo ló wà nílé. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní kó dúró, yóò lọ bá ẹlòmíì. Ni mo bá ra àpò kejì lọ́wọ́ aládùúgbò wa, mi ò tilẹ̀ tú u wò, mo kó méjèèjì sínú takisí tó ń lọ sí Kútọnu.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà kọ̀wé sí mi: "Iyanrìn wà nínú ọ̀kan. Ṣé ti inú fótò nìyí?"

Mo kọ irọ́ kan, mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn, mo tún pa á rẹ́. Ìyá mi bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí, mo sì jẹ́wọ́ fún wọn.

Wọ́n ní, "Pè é, kó gbọ́ ohùn rẹ."

Mo pè é. "Màmá, ẹ má bínú. Àpò kan kì í ṣe ti ìyá mi."

Obìnrin náà bi mí pé:

"Ìgbà wo ni ìyá rẹ yóò tún yan gàrí?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màmá."

"Màá dúró."

Ó sì dúró. Láti ìgbà náà, bí ọjà ò bá tó, mo máa ń sọ pé kò tó. Síbẹ̀, bí takisí bá ti gbé ẹrù lọ, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí ẹni tó rà á yóò fi fèsì.