Àwọn Tó Ń Dá Ẹja Padà Sómi

Èèyàn tó jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀, tó fi ìwọ̀ fa ẹja jáde, tó gbé e sáyà ya fọ́tò, tó wá rọra dá a padà sínú omi bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní, kí la ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n. Wèrè pàápàá máa ń jẹ ohun tó bá he. Àwọn wọ̀nyí ló gba ìsọ̀ mi lọ́wọ́ mi, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn gba nǹkan kan. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi. Má fi oyin sí i.

Ìsọ̀ ìjẹ ni mo ní, létí ọ̀sà níbí ní Koumassi, lẹ́yìn odi. Ìjẹ ni ohun tí apẹja ń fi sẹ́nu ìwọ̀ kí ẹja lè gbé e. Ìyá ọkọ mi ló dá ìsọ̀ náà sílẹ̀. Aṣọ ló gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ ò tà, ó wá rí i pé àwọn apẹja ń fi ọkọ́ wú ẹ̀yìnkùlé ẹlẹ́yìnkùlé láràárọ̀, wọ́n ń wá ekòló. Ó ní, "Ohun tí mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ni àwọn ọkùnrin yìí ń wá?" Ó ká aṣọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àwọn ará wa tó ń tajà ní Treichville fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ìyá tó ń ta ìfun ilẹ̀. Ekòló yẹn náà ló kọ́ ilé tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn dé tí wọ́n ń wá yàrá háyà, wọn ò rántí ìfun ilẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A ó gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí òjìji wà, a ó da ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń rà sínú rẹ̀, a ó fi àpò bò ó, a ó máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ibùsùn là ń pè é. Bí apẹja bá dé, ẹ̀kúnwọ́ la fi ń bu ekòló fún un, tòun ti ilẹ̀ rẹ̀, nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí ekòló tí o bá yà kúrò lára ilẹ̀ kò ní í bá ọ dé ojú omi láàyè. Lẹ́yìn náà, a ó tún bu díẹ̀ lé e. Èènì rẹ̀ nìyẹn. Mo tún ń ta ìwọ̀ àti okùn, mo sì ń ta ọṣẹ tí a gé wẹ́wẹ́, torí ẹja ọ̀bọ̀kún fẹ́ràn ọṣẹ ju ekòló lọ. Má bi mí nídìí rẹ̀. Bóyá ó mọ̀ pé omi tí òun ń gbé ti dọ̀tí.

Ó dọ̀tí lóòótọ́. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ọkọ̀ àwọn apẹja máa ń tò létí omi bíi bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Báyìí, ike ló tò síbẹ̀. Àwọn ọmọ apẹja ti ń wa takisí wòrò-wòrò, ojú ń tì wọ́n láti sọ pé bàbá àwọn ń wa ọkọ̀ lórí omi. Àwọn ìyàwó ilé sì ń ra ẹja inú yìnyín, ẹja tó ti kú ṣáájú kí wọ́n tó bí ẹni tó ń tà á. O gbé e kaná, omi ló ń tú jáde. O bù ú sẹ́nu, ó dà bí ìwé tí wọ́n rẹ. Wọ́n á sì tún máa pọ́n ọwọ́ lá! Ẹnu tó ti gbàgbé adùn, kí la fẹ́ bá a sọ?

Bí àwọn oníbàárà mi ṣe ń dín nìyẹn, ibẹ̀ ni ewu ti wọlé. Ilẹ̀ tí ìsọ̀ wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ìdílé kan tó jẹ́ onílẹ̀ létí ọ̀sà ló ni ín. Bàbá wọn, kí Ọlọ́run forí jìn ín, bá ìyá ọkọ mi ṣe àdéhùn ẹnu pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn apẹja bá ń rà níbẹ̀, kí a jókòó. Bàbá kú. Ọmọ rẹ̀ gbé awò dúdú wọ̀, ó dé lọ́jọ́ kan, fóònù méjì lọ́wọ́, kò kí mi, ó kàn pè mí ní Tantí bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí.

Ó ní, "Tantí, ta ló ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ níbí?"

Mo ní, "Àwọn apẹja."

"Apẹja dà? Adìẹ ni mo rí."

"Yọ awò ojú rẹ, wàá rí èèyàn."

Kò yọ ọ́. Ó ní bí òjò bá dáwọ́ dúró, òun á padà wá wò ó. Bí òun ò bá bá oníbàárà níbẹ̀, ẹnì kan wà tó ń wá ibi tí yóò fi ṣe màkí, ilé ọtí tí wọ́n ti ń sun adìẹ àti ẹja fún àwọn tí kò ní ìyàwó nílé, tàbí tí wọ́n ní tí wọ́n ń sá fún. Bàbá rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ìyá ọkọ mi. Òun ń pè mí ní ìwọ, ìwọ. Ohun tó fi owó kọ́ nílé ìwé nìyẹn.

Ọmọ mi, bàbá ìwọ tí ò ń kọ ọ́ yìí, ló sọ pé òun lè kó oníbàárà wá. Ọ̀gá kan ló ń wa mọ́tò fún ní Bingerville, ọ̀gá náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì máa ń dẹ ìwọ̀ ní sámúdì, ìyẹn ọjọ́ Sátidé, tí wọn ò bá ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ìyá, ekòló oníke ni wọ́n ń lò. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ní ojúlówó, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ ẹrọ̀fọ̀ nínú mọ́tò. Kí ẹ bá wọn kó o sínú ife ike tó ní ìdérí, kó mọ́."

Mo ní, "Kí ni kó mọ́?"

Ó ní, "Ekòló náà."

Mo wò ó lójú bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n òjò ti ń tán lọ, ọmọ onílẹ̀ sì ń bọ̀. Mo gbà. Ìyá rẹ ló ní òun á bá mi dì í. Má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ní kí o kọ ọ́! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìyá rẹ mọ́ tónítóní. Ìkòkò rẹ̀ ń dán ju orí ọkọ rẹ̀ lọ. Mo gbé abọ́ ekòló fún un, mo lọ kírun. Nígbà tí mo padà dé, ó ti tò wọ́n sínú ife, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí ẹ̀bùn.

"Ẹ wò ó, Ìyá, wọ́n ti mọ́."

Mo ṣí ìdérí kan. Wọ́n funfun, wọ́n nà gbọọrọ, kò sí èyí tó mira.

"Kí lo fi fọ̀ wọ́n?"

"Wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, Ìyá. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ gbo wọ́n, bí a ṣe ń gbo ìgbín. Yíyọ̀ ara wọn ti tán pátápátá."

"Yíyọ̀ tán, ẹ̀mí náà tán."

"Ṣùgbọ́n wọ́n mọ́, Ìyá."

"Wọ́n mọ́. Òkú máa ń mọ́. A kì í sin ín láìwẹ̀ ẹ́."

Ó bú sẹ́kún, bàbá rẹ ní kí n má pariwo. Ta ló pariwo? Ilẹ̀ ti ṣú, kò sí ìgbà tí a fẹ́ wú òmíràn mọ́.

Àwọn ọ̀gá dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mọ́tò ńláńlá, fìlà tó bo etí, ẹ̀wù tí àpò ara rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ, àga tó ń ká. Èèyàn tó fẹ́ pa ẹja ló gbé àga dání! Mo jókòó, mò ń retí kí wọ́n ju òkú ekòló lù mí. Ọ̀gá bàbá rẹ ṣí ife, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Áà, Mámá, ó ń ta sánsán! Ọsàn ni?"

Bàbá rẹ yára dáhùn, "Ọsàn ni, ọ̀gá. Àṣà ìdílé wa ni."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àwọn Ànàgó yìí gbọ́n o!"

Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níbí. Wọ́n ra gbogbo rẹ̀ tán. Mo na ọwọ́ láti bu èènì fún wọn, wọ́n ní rárá, Mámá, ó tó. Láti ìgbà tí mo ti ń tajà, mi ò rí ẹni tó kọ èènì rí. Mo wá bi ọ̀gá yẹn pé, "Ẹja tí ẹ bá mú, ta ló máa ń bá yín sè é?"

"A kì í sè é, Mámá. A máa ń dá a padà."

"Padà sí ibo?"

"Sínú omi."

"Kí ló ṣe? Ó kéré ni?"

"Rárá. Ìgbádùn la fi ń ṣe."

Mo bojú wo bàbá rẹ, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n fi irin gun ẹja lẹ́nu fún ìgbádùn, ìyẹn ni ọ̀làjú. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí òkú ekòló fi tó wọn. Ẹni tí kò nílò ẹja, kí ni yóò fi ekòló ààyè ṣe?

Bí wọ́n ṣe ń wá ní gbogbo sámúdì nìyẹn, àwọn mìíràn ń tẹ̀lé wọn. Mo ń fi erùpẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ ife fún wọn, kí ekòló lè mí, wọ́n ń ṣe ojú bí ẹni tó rí ìgbẹ́. Wọ́n ń bá mi ya fọ́tò. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń bú wọn ní Yorùbá, wọ́n ń dúpẹ́. Inú mi dùn ṣá, torí ìsọ̀ wà láàyè. Nígbà tí òjò tán, mo tilẹ̀ ń wo ọ̀nà fún ọmọ onílẹ̀.

Ó dé. Ó bá mọ́tò tó tò dé ẹnu títì. Mo dìde, mo ní, "Adìẹ tí o rí nìyí, wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń wa mọ́tò."

Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ń wo ibi tí mọ́tò ti yà wọlé àti ibi tó ti lè jáde. Ó ní, "Tantí, mi ò mọ̀ pé mọ́tò lè dúró síbí."

Ó pe oní-màkí níwájú mi, ó ní ibẹ̀ dára ju bí àwọn ṣe rò lọ, àwọn olówó ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn apẹja bá ń rà. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe apẹja." Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu òun àti èmi ti kò nìyẹn.

Mo ní kí bàbá rẹ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ olówó ni olówó ń gbọ́. Ọ̀gá gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀! Ebi máa ń pa wá tí a bá dẹ ìwọ̀ tán." Màkí náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ń mú ẹja ọ̀sà, wọ́n ń dá a padà, wọ́n á wá jókòó, wọ́n á jẹ ẹja inú yìnyín tí wọ́n sun. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun à á pọ́n àdá sí, ìdí tí mi ò fi bá wọn jà nìyẹn.

Ọmọ onílẹ̀ ní òun á fún mi ní igun kan, kí n jókòó pẹ̀lú ife mi, àwọn oníbàárà fẹ́ràn ìyá àgbà. Bàbá rẹ bẹ̀ mí pé kí n gbà. Mo ní kó lọ jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wé gèlè.

Apẹja méjì tó ṣẹ́kù ló bá mi kó ibùsùn ekòló náà. A wú u láti ìsàlẹ̀, tòun ti ilẹ̀ rẹ̀, tòun ti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, a fi agbada rù ú wá sí ẹ̀yìnkùlé níbí, níbi tí mo ti ń tà á fún àwọn méjì yẹn títí di òní. Bí a ṣe gbé agbada ìkẹyìn rù, ọmọ onílẹ̀ sáré dé, ó ń na ìka sí ihò tó kù sílẹ̀.

"Tantí, kòtò yìí ńkọ́? Tábìlì la fẹ́ gbé síbẹ̀."

Mo ní, "Fi ẹnu rẹ dí i. Ó tó o, á tún ṣẹ́kù."