Ibi Tí Ìyá Jáàsì Ti Ń Yí Ọrùn Ṣẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi fún yín kí inú mi tó bẹ́. Alágbàfọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń lọ aṣọ nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, ooru ibẹ̀ lè se ẹyin jinná. Ìyá Jáàsì ni gbogbo wa ń pè é, torí bó ṣe ń lọ aṣọ ló ń kọ jáàsì. Ìlù inú rédíò á ti lọ, òun á ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn, kò kánjú, á sì bá a níwájú.

Orin kan wà tó jẹ́ tiẹ̀. Kò lọ́rọ̀, ohùn lásán ni. Ọdún tí ọkọ ẹ̀ kú ló ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni Oyinmọmọ dé, ọmọbìnrin tó ń gbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì. Ká sòótọ́, ohùn ń bẹ lọ́rùn ọmọ yẹn. Ọ̀pọ̀ olórin jáàsì ìwòyí, ẹ̀rọ ló ń bá wọn tún ohùn ṣe. Tiẹ̀ ò nílò ẹ̀rọ. Ọdún méjì ló fi jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ, tó ń kọ́ orin lẹ́nu Ìyá Jáàsì.

Ó wá ṣèlérí fún un: "Màámi, àwa méjèèjì la jọ máa gba orin yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Jáàsì ra bàtà tuntun sílẹ̀ de ọjọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orin náà dún nínú rédíò. Oyinmọmọ nìkan! Olóòtú ń pariwo: "Ìdákẹ́jẹ́ àárín yẹn! Àwọn àgbà jáàsì ò ṣerú ẹ̀ rí. Níbo lo ti rí i?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni."

Ìyá Jáàsì gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ìdákẹ́jẹ́ wo? Ibi tí mo ti ń dá orin dúró yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì nìyẹn!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ká gba orin lọ́wọ́ ara wa kì í ṣe olè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tipẹ́ nìyẹn: o gbà á, o dárúkọ mi, o fi tìẹ sí i. Ọmọ yìí ò fi nǹkan kan sí i. Ó kó o tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ jẹ́ n lọ fojú ẹ̀ gbolẹ̀."

"Jókòó jẹ́ẹ́, ẹnu ẹ ti ju ẹ lọ."

Ẹ wá wo ojú tó le o. Ọjọ́ kẹta, Oyinmọmọ fúnra ẹ̀ gbé gáùn wọlé. "Màámi mi! Mo ní eré lọ́la. Ẹ bá mi lọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lọ̀ tó yín."

Kò sọ nǹkan kan nípa rédíò. Ó rọra gbé fóònù sórí tábìlì, iná pupa ń tàn lójú ẹ̀: ó ń gba ohùn sílẹ̀. Ó tún ń wá òmíràn!

Ìyá Jáàsì rí i. Ó tẹ́ gáùn, ó lọ̀ ọ́, kò rún níbì kankan. Áyọ́ọ̀nù nìkan là ń gbọ́.

"Màámi, ẹ ò kọrin lónìí?"

"Aṣọ lo gbé wá, aṣọ ni mò ń lọ̀."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó yí ọrùn gáùn, ó tún gbé e lé e. Fóònù gba ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, mo mọ̀. Àmọ́ yàrá yẹn ti pa lọ́lọ́ látìgbà náà, bàtà tuntun yẹn sì wà nínú páálí.