Ọjọ́ Tí Bọ̀dá Mi Fi Ìbàdàn Hàn Mí

Ọdún tí mò ń wí yìí, mo ti ka ìwé mẹ́wàá tán, ìwé náà sì ti kà mí tán. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Ìmọ̀ Bíbélì nìkan ni mo ti yege. Èmi tí wọ́n bí sílé Ìmàle ní Òtù! Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n kúkú lọ di pásítọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó sílé, tí mò ń jẹ iṣu ìyá mi bí ẹni tó bá wọn kọ ebè.

Bọ̀dá mi wà ní Ìbàdàn, ọmọ ìyá mi gan-an. Nígbà tó wálé ṣe Iléyá kẹ́yìn, ó ní akọ̀wé lòun nínú ilé gíga kan ní Dùgbẹ̀, òun sì ti gba yàrá méjì. Yàrá méjì yìí ni ìyá mi gbọ́ tí ò gbàgbé mọ́. Ó di èlùbọ́ sínú àpò, ó so awó méjì lẹ́sẹ̀, ó rán awakọ̀ kan sí bọ̀dá mi pé mò ń bọ̀.

"Ọkọ mi, lọ bá a. Yàrá kan tiẹ̀, ọ̀kan tìẹ. Má padà wá o, àfi tó o bá ti ríṣẹ́. Oko tí bàbá yín fi sílẹ̀ ò lè bọ́ gbogbo yín."

Bí mo ṣe sọ̀ ní gáréèjì ní Ìbàdàn, bọ̀dá mi ti dúró dè mí. Ó gbé àpò èlùbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé e karí, ọrùn rẹ̀ ò tilẹ̀ mì. Mo ní sínú, akọ̀wé yìí mà lágbára o.

"Bọ̀dá, ṣé ká lọ gbé ẹrù sílé ná?"

"Ilé ò sá lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìlú hàn ọ́, ará oko."

Ní tiwa, omi là ń fún àlejò kó tó sọ ohun tó bá wá. Omi tí mo kọ́kọ́ mu ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ títì ni mo tẹnu bọ̀. Ó ṣáà tutù.

Ọgbà ẹranko la kọ́kọ́ lọ. Mẹgáàdì ẹnu ọ̀nà wo àwọn awó tí mo gbá mọ́yà.

"Ẹran tiwa ti pé o. Àbí oúnjẹ kìnnìún lo gbé wá?"

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni bọ̀dá mi rà. "Ìwọ wọlé. Èmi ti rí wọn títí wọ́n fi sú mi. Màá ṣọ́ ẹrù."

Mo wọlé. Kìnnìún ń sùn, kò tilẹ̀ la ojú kan wò mí, bíi ti àwọn tó máàkì ìdánwò mi. Ibi tí èrò pọ̀ sí jù ni mo wá lọ, mo fi ìgbọ̀nwọ́ lànà dé iwájú. Kí ni mo rí? Awó! Awó mẹ́rin nínú àgò onírin, àwọn ará ìlú gbé ọmọ sọ́rùn kó lè rí i dáadáa. Èmi náà dúró, mò ń ṣe "Háà!" bíi tiwọn. Ohun tó ń yàgbẹ́ sójúde wa lójoojúmọ́ ni mo wò títí ọrùn fi ń ro mí.

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé Dùgbẹ̀. Bọ̀dá mi ní ẹni tó bá wọ mọ́tò ò lè rí ìlú. Mo ní òótọ́ ni. Lọ́jọ́ náà, tó bá ní kí n fi orí rìn, màá ní òótọ́ ni.

A dúró sódìkejì títì, ó na ìka sí ilé gíga náà.

"Ka fèrèsé láti òkè, ìlà kẹta. Ibẹ̀ ni tábìlì mi wà."

"Ẹ jẹ́ ká gòkè, bọ̀dá."

"Sátidé ni. Wọ́n ti tì í."

Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, níṣojú mi. Mo ní akọ̀wé ló ṣáà mọ ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ juwọ́ sí fèrèsé náà, èmi ọ̀dọ̀yọ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, ó mú mi lọ sí mọ́ṣáláṣí kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi ọṣẹ fọ orí, ó fọ ọrùn, ó fọ abíyá. Mo rò pé àlùwàlá ará ìlú ńlá ló ń gba ọṣẹ. Ládàánì, bàbá arúgbó kan, yọjú sí wa.

"O tètè dé lónìí. Ẹní ẹ ti gbẹ, mo ti ká a sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ta lèyí?"

"Àbúrò mi ni, bàbá."

"Ó káàbọ̀. Àmọ́ ìwọ nìkan ni mo bá lémọ́ọ̀mù bẹ̀bẹ̀ fún o. Ibí ò gba ẹni méjì."

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá mi kó àwọn awó lé ládàánì lọ́wọ́, ó gbé èlùbọ́ ìyá mi lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹní wà níbẹ̀ ní kíká, ṣòkòtò méjì, abọ́ kan, àti òṣùká tí alábàárù fi ń rẹrù. Ó rọra gbé èlùbọ́ náà tì wọ́n, bí èèyàn ṣe ń gbé oúnjẹ sílé ara ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi tó ti jókòó láti àárọ̀ ti dìde.

A kírun. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo foríkanlẹ̀. Nígbà tí a jáde, ẹnu mi tí kì í gbé jẹ́ẹ́ ló sọ ọ́:

"Bọ̀dá, yàrá kejì ńkọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti ọ̀gbẹlẹ̀ èṣí. Ẹrù ni mò ń rù, ní gáréèjì tó o sọ̀ sí yẹn."

"Ẹ jẹ́ ká jọ máa rù ú. Orí mi le, àwọn tíṣà mi lè jẹ́rìí."

"O ò gbọ́ ohun tí bàbá yẹn wí? Ibi tí màá tẹ́ ẹ sí ni ò sí."

"Ẹ jẹ́ ká jọ padà sílé nígbà náà."

Ó mi orí. "Lójú Ìyá, mo ní yàrá méjì. Kò síbòmíràn tí mo tún ti ní in. Jọ̀ọ́, má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó mú mi padà sí gáréèjì, ó fi mí sínú ọkọ̀. Àwọn alábàárù ibẹ̀ ń kí i. Ó ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ wọ́n, èmi náà ṣe bí ẹni tí ò rí wọn.

Ìyá mi ń ṣe àlùwàlá ìrun àṣálẹ́ nígbà tí mo wọlé. Omi dúró lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí nílé ni?"

"Ó wà, Ìyá."

"Yàrá méjì ọ̀hún ńkọ́?"

"Méjì ni. Wọ́n tóbi."

"Òun ló wá lé ẹ?"

Mo ti ń ro ìdáhùn láti Ìsẹ́yìn. Tí mo bá ní ó lé mi, ó di ìkà. Tí mo bá sọ òótọ́, kò ní nǹkan kan mọ́.

"Rárá, Ìyá. Èmi ni mo sá. Ẹ̀rù mọ́tò bà mí."

Ó wò mí. Ó fọ ẹsẹ̀ òsì, ó fọ tọ̀tún, kò rántí pé ọ̀tún ló máa ń ṣáájú.

Kó tó di Jímọ̀, gbogbo Òtù ti gbọ́. "Sámọ́tò, ọkọ̀ ń bọ̀ o!" ni wọ́n ń pè tẹ̀ lé mi. Èmi náà á fò sínú kòtò, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ìdánwò lọ. Wọ́n fún mi lọ́kọ́, mo ń lọ sóko.

Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó kírun tán, ó tẹ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run bá òun jẹ́ kí yàrá méjì ọmọ òun di ilé, kí Ó sì fún ojo yìí ní àyà ọkùnrin. Ó yíjú sí mi, ó ń retí.

Mo ní, "Àmín."