Apá Ilésanmí Tí Kò Dé Etí

Wọ́n ní ìyá Ilésanmí ló fi okùn di apá ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kí apá náà má baà gùn, kí ilé-ìwé má baà gba ọmọ náà lọ́wọ́ oko. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́, nítorí mo mọ ìyá rẹ̀. Ìdajì kejì, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n: orí ńlá ló fún Ilésanmí, apá kúkúrú ló sì fi tẹ̀lé e.

Ní Òkè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì, láyé ìgbà náà, ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé-ìwé Àgùdà, Tíṣà Adéyẹyè á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, ọmọ ti tó. Ti Ilésanmí kò kan. Wọ́n dá a padà lọ́dún yìí, wọ́n dá a padà lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń wọlé, òun ń bá ìyá rẹ̀ kọ ebè. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ulé-ìwé ò níí sá lọ," kò sì dà bí ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́. Ìgbà tí ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, tí Tíṣà ń wá ọmọ kún kíláàsì, ló tó ṣe bí ẹni tí kò rí etí náà. Ohùn Ilésanmí ti ki nígbà yẹn, ó ń jókòó ti àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sídìí iṣẹ́ káfíńtà.

Lẹ́yìn náà ni Fadá kan dé, tó ti gbé Amẹ́ríkà rí, tó mú eré bésíbọ́ọ̀lù wá. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù kékeré sí ọ, wàá fi igi gbá a lọ jìnnà, wàá sáré yí àpò kòkó mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ sí igun pápá ká kí wọ́n tó gbé e padà. Fadá dá ìdíje àwọn ọmọdé sílẹ̀ láàárín Adó, Ìjàn àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, Àgùdà àti Áńgílíkà pọ̀, kí ìfẹ́ lè wà. Ìfẹ́ náà kò pẹ́ kó tó di ariwo: ta ni ọmọdé? Tíṣà Adéyẹyè, olórí ikọ̀ Òkè-Ìlá, tún gbé apá dé. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá, tó kọjá etí, tó kan igun ẹnu, ti dàgbà, kó lọ jókòó. Ọwọ́ Ilésanmí ò dé etí, ká má tíì sọ ẹnu.

Bí apá tó lé e nílé-ìwé ṣe sọ ọ́ di ọmọdé títí ayé nìyẹn. Ọmọ odó ìyá rẹ̀ ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá gbá a, inú oko kòkó ni wọ́n ti ń wá a. Ife-ẹ̀yẹ ò kúrò l'Ókè-Ìlá mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń bímọ, òun ṣì ń fá irùngbọ̀n láràárọ̀ Sátidé kí Fadá má baà rí i.

Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju Adéfúnkẹ́ lọ, ọmọ bíbí inú Tíṣà kan náà, ọmọbìnrin náà sì fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́bọ̀ kan, àwọn ẹbí Ilésanmí wọ aṣọ tó dáa, wọ́n gbé obì lọ sí pálọ̀ Tíṣà. Tíṣà gbà wọ́n tẹ̀rín tẹ̀rín. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ọmọdé. Gbogbo Adó ló mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kan etí. Kí wọ́n gbé obì wọn lọ, ó dìgbà tó bá kàn án. Ilésanmí gbọ́, ó padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni àṣekágbá pẹ̀lú Ìjàn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Tíṣà Ayọ̀kúnlé, olórí ikọ̀ Ìjàn, na ìka sí Ilésanmí, ó ní bàbá ọmọ rèé láàárín àwọn ọmọ. Fadá ní kó gbé apá sórí. Ó gbé e. Ìka rẹ̀ dúró lókè etí bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Ẹ̀rí rèé, Fadá," ni Tíṣà Adéyẹyè wí. "Ọmọdé ni."

Ilésanmí ò sọ apá kalẹ̀. "Tíṣà, ẹ dákun, ẹ tún un wí kí gbogbo pápá gbọ́."

"Mo ní ọmọdé ni ọ́. Sọ apá rẹ kalẹ̀, jẹ́ ká ṣeré."

"Lọ́jọ́bọ̀, ẹ sọ fáwọn ẹbí mi pé nítorí ẹ̀ ni mi ò fi lè fẹ́ Adéfúnkẹ́. Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù yìí, mo ti gbà fún yín pé ọmọdé ni mí nìyẹn. Ẹ yan ọ̀kan, sà: ife-ẹ̀yẹ tàbí àna."

"Ọ̀rọ̀ pálọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ pápá."

"Apá kan náà ló ń gbé lọ síbi méjèèjì, ọ̀rẹ́ mi," ni Tíṣà Ayọ̀kúnlé wí.

Fadá béèrè bóyá òfin gba ọmọdé tó fẹ́ gbéyàwó láyè. Tíṣà Adéyẹyè ní òfin ò dárúkọ ìyàwó. Ti Ìjàn ní òfin ò dárúkọ rẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó ronú pé ọmọdé lè nílò rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kojú síra wọn, wọ́n gbàgbé ẹni tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ilésanmí sọ apá kalẹ̀. Ó mú ọmọ odó ìyá rẹ̀, ó gbé e lé èjìká. Tíṣà ṣì ń ṣàlàyé fún Fadá pé ọmọdé ni, ọmọdé náà sì ti kọjá àpò kòkó tó kẹ́yìn, ó dorí kọ Ọjà Ọba, níbi tí ìyá Adéfúnkẹ́ wà ní ìsọ̀ iṣu rẹ̀, obìnrin tí kò wọn apá ẹnikẹ́ni rí.