Jíìpù tí Wọn Ò Tíì Gbàdúrà Sí

Ọ̀sán Sátidé kan, lẹ́yìn òjò ńlá, ni ìrọbí oyún mi àkọ́kọ́ mú mi nílé àwọn ọkọ mi ní Ìrókò. Ọkọ̀ méjì ló wà níwájú ilé. Ọ̀kan ni bọ̀gìnnì àtijọ́ bàbá ọkọ mi, ọkọ̀ dúdú gígùn tí wọ́n máa ń nù láràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara tì. Èkejì ni jíìpù tuntun ọkọ mi. Ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, torí Sọ́ńdè ni àlùfáà máa gbàdúrà sí i, ọkọ mi sì ti ní òun ò ní ṣí ọ̀rá náà kúrò ṣáájú.

Bàbá ní kó fi tàwọn gbé mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mọ́tò yẹn ti darúgbó. Tèmi ò ní pẹ́ dé ọsibítù."

Mo gbà fún un. Ta ni ò fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù inú mọ́tò tuntun?

Ká sòótọ́, jíìpù náà yára, kò sì pariwo. Ṣùgbọ́n mò ń yọ̀ lórí ọ̀rá síwá sẹ́yìn, gbogbo kòtò ló ń dún mi ní ìbàdí. Tí bọ̀gìnnì bá kó sí kòtò, ńṣe ló máa ń fì wá jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Bàbá ń fi í kó ẹrù mi bọ̀ lẹ́yìn.

Kí á tó jáde sí títì, a bá omi tó ti bo afárá. Ọkọ mi tẹ bíréèkì. Ó ní omi máa ba kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ jẹ́, ká jẹ́ kó fà díẹ̀. Mo ní ọmọ ti ń bọ̀. Ó tún ní ká fara balẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìrora mọ́.

Bàbá fẹsẹ̀ wọn omi náà, kò ju orúnkún lọ. Wọ́n wá ṣílẹ̀kùn mi.

"Ìyàwó mi, rọra máa bọ̀."

Wọ́n tẹ́ mi sẹ́yìn bọ̀gìnnì. Ọkọ mi ní òun ò lè fi jíìpù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá wa bọ̀gìnnì wọnú omi náà. Omi wọ inú ọkọ̀, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, èmi ń pe Jésù. Ẹnu géètì ọsibítù ni mọ́tò náà kú sí. Bàbá fi í síbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n sáré lọ pe nọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́ tí ọmọ mi fi ké. Ìgbà tí omi fà ni ọkọ mi tó dé, ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé e fún Bàbá.