Solange Kò Tọrọ Àyè Kó Tó Rì Sómi

Solange Olújídé ti kú, ẹ̀bi rẹ̀ sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí náà kọ sí bàbá rẹ̀ ní Attécoubé, nílùú Abidjan, wí. Wọ́n ní ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, òṣìṣẹ́ náà kúrò ní ibùdó wọn nínú igbó láìgba ordre de mission, ìyẹn ìwé tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí kí ènìyàn tó gbẹ́sẹ̀ jáde. Wọ́n ní ó ti kọ́kọ́ ba àgádágodo ilé-iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ní ó gba orí afárá tí kò dára, odò sì gbé e lọ. Wọ́n wá bá ẹbí kẹ́dùn. Ìwé náà mọ́ tónítóní, òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ òkú nìkan ni wọ́n kọ sódì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Bí kì í bá ṣe tiwọn, a kì bá tí mọ̀ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó rì sómi.

Èmi ni mo kọ́ Solange ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wa. Joachim Olújídé, aránṣọ tó ti Èjìgbò wá, ló bí i. Yorùbá kò já gaara lẹ́nu ọmọ náà. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, yóò gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀, yóò sì fi Faransé dá mi lóhùn. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, a kó àwọn ọmọ lọ ṣeré ní Bingerville. Bí ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra padà, Solange dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, “Tonton, a ò tíì pé.” Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Ìgbà tí a ka orí ni a rí i pé ọmọbìnrin kan ṣì wà ní ilé ìgbẹ́, tí ilẹ̀kùn há mọ́ ọn. Èmi àgbàlagbà tí mo jẹ́ olórí wọn ni mo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1993 ni ó rí iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí kan ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa igi àti ọ̀bọ. Òun ló ń tọ́jú ewé àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá kó wọlé fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ kan gbáko lọ́nà láti Abidjan ni, kí ẹ tó wá fi wákàtí mẹ́ta lọ nínú ẹrẹ̀. Ọ̀gá àgbà kì í gbé ibẹ̀. Abidjan ni ó ń gbé, nínú ọ́fíìsì tó tutù bí yìnyín, láti ibẹ̀ ni ó ti ń fẹ́ràn igbó.

Kí ni Solange bá níbẹ̀? Tábìlì méjì. Àwọn olùwádìí ń jẹun nínú ilé tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì yí ká. Àwọn tó ń la ọ̀nà, tó ń ru ẹrù, tó ń dáná, wọ́n ń jẹ tiwọn lábẹ́ igi pẹ̀lú eṣinṣin. Ilẹ̀kùn yàrá àwọn obìnrin kò ṣeé tì láti inú. Ẹni tó bá wọ igbó, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti padà. Wọ́n mọ iye ọ̀bọ tó wà nínú igbó, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ.

Solange kó oúnjẹ tirẹ̀, ó lọ jókòó lábẹ́ igi. Nígbà tó di oṣù kẹta, gbogbo wọn ti ń jẹun pọ̀ lórí tábìlì kan. Ó gbé pátákó kọ́ ẹnu ọ̀nà: kí gbogbo ẹni tó bá ń wọ igbó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó ya àmì tirẹ̀. Ó fi ìkọ́ ìtìlẹ̀kùn sí yàrá àwọn obìnrin. Àràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń ṣèpàdé, ní Faransé àti Dyula, àti alásè àti ọ̀mọ̀wé ló sì ń sọ̀rọ̀. Ó kọ́ Awa, obìnrin tó ń dáná fún wọn, bí wọ́n ṣe ń fi rédíò pe Abidjan.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti bínú. Ó ní rédíò kì í ṣe ohun tí alásè ń fọwọ́ kàn. Nígbà tó wá sí ibùdó, ó ti yàrá rédíò, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti ti ọkọ̀ lọ. Solange kọ lẹ́tà mẹ́ta sí i nípa rédíò náà, nípa àpótí oògùn tó ṣófo, àti nípa afárá: ìtì igi méjì tí wọ́n fi okùn so pọ̀, okùn náà sì ti jẹrà. Ìdáhùn kan náà ló gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: a ó gbé e yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Awa wá sí ilé mi ní Niangon, ní Abidjan níbí, ó sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àdá yọ̀ lọ́wọ́ Moufoutaou, ọmọ Bénin tó ń la ọ̀nà fún wọn, ó sì gé e ní itan. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, rédíò wà nílé. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà lórí òrùka kan, òrùka wà nínú àpò ṣòkòtò ọ̀gá, ṣòkòtò wà ní Abidjan.

Awa ní, “Solange fi òkúta fọ́ àgádágodo yàrá rédíò. A wọlé, a ò bá bátìrì nínú rédíò. Ọ̀gá ti mú ìyẹn náà lọ.”

Solange ya aṣọ, ó fi di itan ọkùnrin náà. Ó ní, “Awa, tẹ ibí mọ́lẹ̀. Máa bá a sọ̀rọ̀, má jẹ́ kó sùn. Mo ń lọ pe Ignace.” Ignace ni nọ́ọ̀sì abúlé tó wà ní òdìkejì odò.

“Odò ti kún o.”

“Mo mọ̀.”

Ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ Ignace, àwọn méjèèjì sì jọ sáré padà. Mo ti bá Ignace fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Èmi ni mo ṣáájú, àpò oògùn wà lórí mi. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń bi mí bóyá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Mo ní ó wà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ìtì igi kan ti lọ, n kò rí i mọ́. Mo pè é títí, mo sá lọ sá bọ̀ létí odò. Lẹ́yìn náà mo lọ bá ẹni tó ṣì ń mí.”

Moufoutaou yè. Ó ń tiro díẹ̀. Àwọn apẹja rí Solange ní ọjọ́ kejì.

Ẹ má rò pé ilé-iṣẹ́ gbàgbé rẹ̀ o. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n ṣe àpérò ńlá kan ní Abidjan. Wọ́n pè é ní “Ibùdó Aláàbò, Ibùdó Gbogbo Wa”. Ọ̀gá fi àwòrán tábìlì kan ṣoṣo yẹn hàn wá, ó ní, “Ẹ wo ohun tí a dá sílẹ̀.” Wọ́n pín ìwé kékeré tí ìlànà mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Mo mú un lọ sílé, mo fi wé ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n bá nínú ẹrù Solange. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni, wọn ò tilẹ̀ yí i padà. Ṣùgbọ́n méje ni tirẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ ni: “Kọ́kọ́rọ́ rédíò àti ti ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdó.” Bóyá ojú ìwé ló kún.

Wọn ò pe Awa. Wọn ò pe Moufoutaou. Wọ́n pe Joachim Olújídé, èmi sì tẹ̀lé e lọ; wọ́n fún un ní àga lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá àwo ìpápánu. Bàbá náà dìde, ó ṣí fìlà. Ó ní, “Monsieur le Directeur, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí bátìrì fi wà lọ́dọ̀ yín?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bàbá, ìbéèrè yẹn kò sí nínú ètò tòní.”

Inú ètò wo ni ó wà, nígbà náà? Ètò ọ̀la? Àbí kí bàbá náà kọ lẹ́tà mẹ́ta?

Àwa ìjọ ti bá wọn ṣe ètò ọ̀la náà. Kí wọ́n gba ìwé tó dá a lẹ́bi yẹn padà, kí wọ́n kọ òmíràn pé ẹnu iṣẹ́ ni Solange kú sí, kí wọ́n sì kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kí wọ́n gbé lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Kí ọ̀gá wá sí Attécoubé fúnra rẹ̀, láìrán akọ̀wé, kó jókòó síwájú Joachim, kó dáhùn. Bí oṣù kẹrin bá wọlé tí a kò rí i, a ó pàdé ní ilé-ẹjọ́. Awa, Moufoutaou àti Ignace ti ní àwọn yóò jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè dúró de adájọ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ìtì igi kan ṣoṣo ló kù lórí odò yẹn, orí rẹ̀ ni Awa ń gbà lọ ra iyọ̀. Ẹ lọ ṣe afárá náà lọ́sẹ̀ yìí.